Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Ìyá Magdalene

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìwé náà dé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì fẹ́ sin Dávídì Ọlábọ̀dé. Inú àpò ìwé funfun ló wà, kò sí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú òkú náà tú u, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ló bá pe opó olóògbé lórí fóònù ní Eastbury, ní ìlà-oòrùn London. Ó ní kí wọ́n má bínú, àwọn ò ní lè gbé òkú jáde lọ́jọ́ Ẹtì mọ́. Ìwé kóòtù kan ló dé sọ́wọ́ òun, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni pé Dávídì àti ìyàwó rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀ láti ọdún 2011.

Ìyá Magdalene, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ò pariwo. Ó wọ bàtà, ó lọ gba ìwé náà lọ́wọ́ ọkùnrin ọ̀hún, ó sì gba àgọ́ ọlọ́pàá Barking lọ tààrà. Wákàtí méjì ló fi jókòó láàárín àwọn tí wọ́n jí kẹ̀kẹ́ wọn àti àwọn tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn, kí ẹnì kan tó dá a lóhùn.

Ìnísípẹ́kítọ̀ Irewọlé lẹni náà. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, Yorùbá ni bàbá àti ìyá tó bí i sí London, ojú rẹ̀ sì mú débi pé kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan bísíkíìtì rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọlọ́ládé ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Àmọ́ níbi iṣẹ́, "ọ̀gá" ni wọ́n ń pè é, lójú títì wọ́n á pè é ní "officer", nínú fúláàtì tó ń dá gbé ní Barking Riverside ẹ̀wẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan kan. Irewọlé gan-an, orúkọ ọkọ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2016 ni. Láti ìgbà yẹn ló ti ń sọ pé òun máa pààrọ̀ rẹ̀, ọdún kẹsàn-án ló sì ń lọ yìí.

Ó mú ìyá náà wọ yàrá kékeré kan, ó po tíì fún un, ó sì ní kó sọ tẹnu rẹ̀.

"Ọmọ mi, òní ló pé ọjọ́ kẹtàdínlógún tí mo fi ọwọ́ ara mi pa ojú ẹ̀ dé," ni Ìyá Magdalene wí. "Tó bá jẹ́ pé a ti kọ ara wa sílẹ̀ láti 2011, ta ni mo wá ń se ọbẹ̀ fún látìgbà yẹn?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín, Mummy?"

"Mo fẹ́ sin ọkọ mi. Mo fẹ́ dúró létí kòtò gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ẹ̀. Mi ò wá nǹkan mìíràn."

Ó wá ṣàlàyé. Òun àti Dávídì ò bímọ. Lọ́dún 2019, àwọn méjèèjì jọ ra ibojì kan ní itẹ́ òkú tí kò jìnnà sílé wọn, tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ á wọ̀ ọ́, ìkejì á wá bá a. Ó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Eastbury, ìyẹn ló sì ń tù ú nínú láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti kú. Nígbà tí Irewọlé bi í léèrè ẹni tó lè máa bínú sí i, ẹni mẹ́ta ló dárúkọ. Èkíní ni Ọláṣẹ́gun, àbúrò olóògbé, tó fẹ́ kí wọ́n gbé òkú lọ sí Abẹ́òkúta. Èkejì ni Godswill, akọ̀wé ìjọ wọn, tí ìyá náà fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn alàgbà nítorí àìka-nǹkan-sí. Ẹ̀kẹta ni Wúrà, ọmọ tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí fún Dávídì kí ìyàwó náà tó kú lọ́dún 2001. Ìyá náà yára fi kún un pé Wúrà ò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fún òun ni.

Ọ̀gá tó wà lórí Irewọlé ní ọ̀rọ̀ ẹbí nìyí, kí wọ́n lọ yanjú ẹ̀ nílé. Irewọlé fèsì pé tí ìwé náà bá jẹ́ ayédèrú, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Tó bá sì jẹ́ òótọ́, á jẹ́ pé ẹnì kan kọ obìnrin yìí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn náà ò sì dáa. Kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé nǹkan kan wà lójú ìwé náà tó ń rí òun lára, tí òun ò tíì lè fọwọ́ kàn.

Ó pe kóòtù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé náà. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Abdulrahman ló gbé e, ọkùnrin tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ìṣòro nínú gbígba ẹ̀dà ìwé ìkọ̀sílẹ̀: kéèyàn mú orúkọ tọkọtaya àti nọ́ńbà ẹjọ́ wá, kó sanwó, kó sì ní sùúrù. Ẹni tí kò bá mọ nọ́ńbà, wọ́n á bá a wá a ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó ní àwọn tó ń béèrè fún un pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ: ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó mìíràn, ẹni tó fẹ́ padà sí orúkọ bàbá rẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ jóná mọ́ gbogbo ìwé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n sábà máa ń dúró, àmọ́ nítorí òkú tó wà nílẹ̀, ó ṣèlérí èsì fún Irewọlé ní Ọjọ́bọ̀.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, Irewọlé lọ sí River Road, ó bá Ọláṣẹ́gun níbi tó ti ń kó páálí sínú ọkọ̀ ẹrù. Ẹ̀gbá ni, ohùn rẹ̀ ò sì tíì kúrò ní Abẹ́òkúta. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní ilẹ̀ yìí tutù jù fún òkú ẹ̀gbọ́n òun, ibi tí wọ́n bí i sí ló yẹ kó sùn, òun sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí.

"Ṣùgbọ́n kí n máa wá ìwé irọ́? Rárá o. Èmi gan-an ni mo ṣe ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó wọn ní 2007. Ọmọ́ṣọlá ò ṣẹ̀ mí rí."

"Ta ni Ọmọ́ṣọlá?"

Ọláṣẹ́gun rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà ni. Ìjọ wọn ló sọ ọ́ di Magdalene. Lójú ẹ̀ ṣá, Ìyàwó Wa ni mo máa ń pè é."

Ìjọ náà ò jìnnà síbẹ̀. Òkè ilé ìkẹ́rù kan ni wọ́n háyà, bàtà tó tò sẹ́nu ọ̀nà ló ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ilé àdúrà ni. Godswill wà nínú ọ́fíìsì pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kan, ó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú tí kò dá a lójú mọ́ pé wọ́n á lò. Inú ń bí i. Ó ní Ìyá Magdalene ti ba òun lórúkọ jẹ́ lójú ìjọ, síbẹ̀ òun ò jẹ́ fi òkú jà. Irewọlé ní kó jẹ́ kí òun rí ìwé ìrìbọmi. Godswill ṣí i sí ọdún 2014, ó fọwọ́ kan ìlà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: Ọmọ́ṣọlá Ọlábọ̀dé, orúkọ tí ìran fún un, Magdalene. Ó ní láti ọjọ́ náà ni ìyá náà ti yí orúkọ lórí gbogbo ìwé rẹ̀, nítorí kì í fi ọ̀rọ̀ ìran ṣeré.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Irewọlé ti dé ọ̀dọ̀ Wúrà ní Dagenham. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn. Káàdì iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Wúrà Fámúyìwá ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Irewọlé ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tó sọ, Wúrà Ọlábọ̀dé ló kọ.

"Mo ti padà sí orúkọ Dádì. Work just haven't changed the badge," ó wí, bí ẹni tí wọ́n bi ní nǹkan tí wọn ò tíì bi í.

Ife kan ṣoṣo ló wà lẹ́bàá ibi ìfọwọ́, àwo kan, ṣíbí kan. Irewọlé mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Wúrà sọ fún un pé lẹ́yìn ikú ìyá òun, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní Peckham ni òun dàgbà sí, torí pé bọ́ọ̀sì ni bàbá òun ń wà, tọ̀sán-tòru. Kérésì ló máa ń gbé òun wá sí Eastbury. Wọ́n á ní kó kí Mummy, á kúnlẹ̀ kí Mummy. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan nípa ìyá náà.

"Kí ni orúkọ wọn lẹ́nu tìẹ?"

"Mummy. Mummy Magdalene. What else?"

Nígbà tí Irewọlé bi í níbi tó fẹ́ kí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, ó kọjú sí fèrèsé, ó ní níbi tí bàbá òun fúnra rẹ̀ bá ti ní òun fẹ́ wà.

Nírọ̀lẹ́, Irewọlé dúró nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn èèyàn bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ náà, òun ló ń bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè, kò sì sẹ́ni tó bi òun bóyá òun jẹun. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ ti ọ̀bẹ, dúrọ́ọ̀ tí kì í ṣí. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti ká kò. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Magdalene lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló rí ohun tó ń rí i lára láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Decree absolute" ni wọ́n kọ sórí tirẹ̀ ti 2016. "Final order" ni wọ́n kọ sórí ti Ìyá Magdalene. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ìjọba yí orúkọ ìwé náà padà, kò sì sí bí ìwé ọdún 2011 ṣe lè jẹ́ orúkọ tí wọn ò tíì sọ ọ́.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ sí Eastbury, ó ní kí ìyá náà mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wọn wá. Abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ló ti mú un jáde. Irewọlé ń kà á sókè bí àṣà rẹ̀: Dávídì Ọlábọ̀dé, Ọmọ́ṣọlá... Ìyá náà bú sẹ́kún. Irewọlé bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò mọ̀ pé yóò dùn ún.

"Kò dùn mí," ni ìyá náà wí nígbà tó nu ojú tán. "Ó ti tó ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Gbogbo ayé ló ń pè mí ní Magdalene, mo dẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá ku èmi àti Dávídì nìkan, Ọmọ́ṣọlá ló máa ń pè mí. Kò jẹ́ pè é lójú èèyàn. Ó ní tòun nìyẹn."

Irewọlé ká ìwé ẹ̀rí náà padà, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó bi í bóyá Dávídì máa ń lọ síbì kan tí kì í sọ. Ìyá náà ní lọ́dọọdún, ní oṣù kẹta, ó máa ń gbé òdòdó jáde ní ọjọ́ kan, á sì padà lẹ́yìn wákàtí kan. Òun kì í béèrè.

Láti ibẹ̀, Irewọlé gba itẹ́ òkú lọ. Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ mú un lọ sí ibojì àtijọ́ kan. Ọmọ́lẹ́wà Ọlábọ̀dé, 1961 sí 2001, ni wọ́n gbẹ́ sókè òkúta náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo. Ọkùnrin náà ní wọ́n gbẹ́ ibojì náà jìn fún èèyàn méjì, àti pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan wá bi òun bóyá ó ṣì ṣeé ṣí. Fóònù Irewọlé dún níbẹ̀. Abdulrahman ni. Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà, kò sí irú rẹ̀ rí, kò sì sí Ọlábọ̀dé kankan tó kọ Ọlábọ̀dé sílẹ̀ ní kóòtù àwọn. Irewọlé dárúkọ ẹlòmíràn fún un, ó ní kó bá òun wò ó. Ọkùnrin náà wò ó, ó sì ka nọ́ńbà kan fún un.

Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, gbogbo wọn wà ní pálọ̀ Ìyá Magdalene. Àga Dávídì ṣófo lẹ́bàá fèrèsé, kò sẹ́ni tó jókòó sí i. Irewọlé gbé ìwé náà sórí tábìlì.

"Ayédèrú ni," ó ní. "Ọkọ Mummy ni Dávídì Ọlábọ̀dé títí ó fi kú. Kò sí ìkọ̀sílẹ̀ kankan."

Ìyá náà di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Irewọlé wá ṣàlàyé fún wọn bí orúkọ ìwé náà ṣe yí padà lọ́dún 2022, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ti ní láti wo ìwé ẹni tó kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀ láìpẹ́ yìí.

"Ìkejì, orúkọ tó kọ síbẹ̀ ni Magdalene. Ní 2011, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Magdalene nínú ilé yìí. Ọdún 2014 ni Mummy ṣe ìrìbọmi. Ọ̀gbẹ́ni Godswill ló kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé ìjọ, kò lè ṣì í. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun ló fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó, àwọn náà ò lè ṣì í. Ẹni tó ṣe èyí mọ Mummy fún ọdún méjìdínlógún, kò sì mọ orúkọ wọn. Wọ́n kọ́ ọ pé kó máa pè wọ́n ní Mummy, ó gbọ́ràn, kò béèrè kọjá bẹ́ẹ̀."

Ọláṣẹ́gun yíjú wo Wúrà. Godswill ń wo ilẹ̀.

"Wúrà, ìwé tìẹ lo fi ṣe é. Ní 2023 ni ìwọ àti Fámúyìwá kọ ara yín sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, o gba ẹ̀dà ìwé náà ní kóòtù kó o lè padà sí orúkọ bàbá ẹ. Nọ́ńbà tó wà níbí àti tìẹ, díjíìtì kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Tí Mummy ò bá sì jẹ́ ìyàwó mọ́, ìwọ ọmọ lo máa sọ ibi tí wọ́n á sin bàbá ẹ sí."

Wúrà ò jiyàn. Ó yọ ọwọ́ nínú àpò, ó fi lé orúnkún.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n sin Mummy mi," ó wí. "Wọ́n gbẹ́ ibojì yẹn fún èèyàn méjì. Dádì fọwọ́ kan ibi tó ṣófo lára òkúta yẹn, ó ní, ibí ni mò ń bọ̀. He promised me. Mummy mi ti wà níbẹ̀ fún twenty-four years, by herself. Mo wá gbọ́ pé ó ti ra òmíràn." Ó wo àga tó ṣófo náà. "I know what it's like, kéèyàn máa dá wà. N ò fẹ́ kí òun náà máa wà bẹ́ẹ̀."

 Ìyá Magdalene ló kọ́kọ́ lanu.

"Tó o bá lọ kí ìyá ẹ ní March, ṣé o máa ń bá òdòdó funfun níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Dádì ló máa ń gbé e lọ."

"Dádì ẹ ò mọ òdòdó rà. Èmi ni mo ń rà á. Màá gbé e sẹ́nu ọ̀nà, màá wá wọ yàrá, kó lè rí àyè gbé e láìsí pé mò ń wò ó."

Wúrà bo ojú. Ó yọ́ kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀. Ó ní kí Mummy dárí ji òun, òun ò mọ̀, òun ò mọ nǹkan kan nípa wọn, òun ò mọ orúkọ wọn pàápàá.

"Ọmọ́ṣọlá ni," ni ìyá náà wí. "Dìde."

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́pàá ni iṣẹ́ ọlọ́pàá. Irewọlé mú Wúrà lọ sí àgọ́, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ní kó máa lọ sílé kó máa retí ìwé ìpè. Kí wọ́n tó kúrò ní Eastbury, ìyá náà ti bi í bóyá ọmọ náà lè wá síbi ìsìnkú, Irewọlé sì ní kò sí òfin tó ní kó má wá.

Wọ́n sin Dávídì lọ́jọ́ Ẹtì, sínú ibojì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ rà. Òjò ń ṣẹ́ wínniwínni. Àwọn ará ìjọ wọ funfun, ẹsẹ̀ wọn wà nílẹ̀ lásán lórí koríko tútù, Ọláṣẹ́gun sì ń sunkún láìfi pamọ́. Nígbà tó kan kí ìyàwó bu eèpẹ̀, Godswill ké sí Ìyá Magdalene. Ìyá náà ò mira, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ó ké sí i lẹ́ẹ̀kejì. Wúrà ló tẹ̀ síwájú, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, tó sì rọra pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ máa ń pè. Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó bu eèpẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lórí. Lẹ́yìn náà, ó yọ òdòdó funfun kan nínú èyí tó mú wá, ó fi lé Wúrà lọ́wọ́, ó sì nawọ́ sí apá ibi tí Ọmọ́lẹ́wà, ìyá ọmọ náà, wà.

Irewọlé ti dúró sẹ́yìn, lábẹ́ igi kan. Ó ń yà lọ síbi tó ti máa wọ bọ́ọ̀sì nígbà tí ìyá náà dá a dúró, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bi í ní orúkọ rẹ̀.

"Irewọlé, mà."

"Ìyẹn wà lára káàdì ẹ, mo ti rí i. Èyí tí ìyá ẹ máa ń pè ẹ́ ni mò ń bi ẹ́."

Ó fi káàdì náà sápò. "Ọlọ́ládé."

"Ọlọ́ládé," ni ìyá náà wí, "o ò tíì jẹun. Jẹ́ ká lọ sílé."

Ó ti fẹ́ dáhùn pé iṣẹ́ ń dúró de òun. Kò sọ ọ́. Ó tẹ̀ lé wọn.